Ọdẹ́yọmí ní Ìlú Pàwọ̀dà, Níbi Tí Fóònù Ti Ní Akọ àti Abo

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ènìyàn tí ẹ ti jẹun yó, tí ẹ wá ń wá ohun tí etí yín yóò jẹ. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́, kó pa á. Ẹni tí kò bá fẹ́ pa á, kó jókòó lé e, nítorí ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń sọ nípa ìran wọn. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà tóóró, tí ẹfọ̀n kí mi kí n tó kí i. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́yọmí ará Ìdó-Ẹtu ni, ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ tó jẹ́ pé bí a bá yọ tèmi kúrò, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Òun ló sọ ọ́ fún mi, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì wá, ó ń tún un ṣe níbikíbi tó bá ti purọ́. Nítorí náà, òtítọ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Àjíún ni ìyàwó náà ń jẹ́. Ní Ìdó-Ẹtu, igbó yí ìlú ká bí èèpo ti yí àgbàdo ká, ọ̀nà inú igbó náà a sì máa tan ènìyàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní àṣà kan. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ le jù láàárín wọn a gun àpáta ẹ̀yìn ìlú, a sì máa pe àwọn ọdẹ wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í pè wọ́n jẹ́jẹ́ o. Èébú ló fi ń pè wọ́n. Àwọn àgbà ní iwin lè sín ohùn ìfẹ́ jẹ, ẹnu dídùn kò sì ṣòro fún iwin, ṣùgbọ́n kò sí iwin tó lè mọ èébú tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Ọdẹ tó bá gbọ́ èébú ara rẹ̀ a mọ̀ pé ilé ló ń pe òun.

Nínú ilé, Àjíún a máa kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, a sì máa fi ẹ̀yin pè é. Ṣùgbọ́n bó bá ti gun orí àpáta báyìí, àṣà ti tú u sílẹ̀. "Ọdẹ́kúnlé, ẹlẹ́sẹ̀ ọmọ odó, wálé o, ọmọ rẹ ń sunkún!" Báyìí ni yóò ṣe pè wọ́n títí yóò fi kan ọkọ rẹ̀, tó máa ń pè kẹ́yìn. "Ọdẹ́yọmí, abẹ̀rù má sọ! Ìwọ tó o yìnbọn fún òkìtì ọ̀gán, tó o sáré wálé wá sọ fún wa pé ẹkùn ni!" Ti Ọdẹ́yọmí ló máa ń gùn jù. Ọdẹ́yọmí a máa kùn, a máa ní ìyàwó òun ń ba òun lórúkọ jẹ́ lójú igbó. Ohùn tirẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, ohùn ńlá tó ń dún láti inú ikùn wá, ó sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan, Àjíún nìkan ló wà lórí àpáta, tó ń dúró kí oòrùn rẹlẹ̀, nígbà tí àlejò kan yọ sí i. Apá ọ̀tún ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní pínǹkì. Apá òsì rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó ru àtẹ fóònù lérí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, arẹwà obìnrin," ni ó wí. "Mo mú tiyín wá." Ó sì mú ọ̀kan jáde, tínrín, kékeré, pínǹkì láti òkè délẹ̀, òdòdó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àjíún wò ó. "Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní dígí tí ẹ lè máa fi wo ojú yín."

"Bátìrì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í tètè kú?"

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò, ó ń ta sánsán."

"Mo bi ọ́ nípa bátìrì, ò ń sọ òórùn fún mi. Èyí tó nípọn, tó dúdú yẹn ńkọ́?"

Àlejò náà fi ọwọ́ bo àtẹ. "Háà! Ti ọkùnrin nìyẹn o. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ a máa la igbó já, bátìrì rẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Kò yẹ yín rárá."

"Ọkọ mi ló ń sọ nù sígbó, èmi ni mò ń wá a," ni Àjíún wí. "Nínú àwa méjèèjì, ta ló nílò tọ́ọ̀ṣì? Gbé e wá níbẹ̀."

Láti ọjọ́ tí àlejò yìí ti ń tajà, obìnrin kan kò na ọwọ́ kọjá pínǹkì lórí àtẹ rẹ̀ rí. Inú bí i dé eyín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló rín. Ó gbé fóònù dúdú náà fún un, ó ní kó kọ́kọ́ pe ènìyàn wò. Àjíún gbé e sẹ́nu, ó sì ké bó ti máa ń ké lórí àpáta. Ohùn rẹ̀ wọ inú fóònù lọ, kò padà jáde mọ́. Àlejò já fóònù gbà, ó sì pòórá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe ọdẹ kankan. Àwọn kan sùn sórí igi. Ọdẹ́yọmí fi imú àti ẹ̀gún wá ilé, ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni tí ológbò ya lára. Ọdẹ́kúnlé kò wálé rárá. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹun, ojú rẹ̀ kò kúrò lára igbó.

Ọdẹ́yọmí bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àjíún la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó bá gbé ìkòkò ọbẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi ìdí rẹ̀ tó dúdú hàn án.

"Ebi ń pa ọ́?"

Àjíún mi orí. Ó na ìka sí ìdí ìkòkò, ó gbé ọwọ́ sétí bí ẹni tó ń tẹ́tí sí fóònù, ó tún na ìka sí ìdí ìkòkò.

"Ìkòkò ń dún?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ Adégún, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín jù, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ ń sọ̀rọ̀ ketekete, o kì í gbọ́.

Àwọn àgbà ọdẹ gun àpáta, wọ́n rí ipasẹ̀ àlejò níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún pínǹkì, ẹsẹ̀ òsì dúdú. Olúọdẹ mi orí. Ó ní, "Pàwọ̀dà nìyí. Iwin tó ń ta fóònù ni, ohùn ènìyàn ló sì ń kó sínú wọn kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀. Ìlú rẹ̀ wà lẹ́yìn Igbó Onípolówó. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn padà, àfi kó lọ mú fóònù tó wà nínú rẹ̀."

Ọdẹ́yọmí lu àyà, ó ní òun ti lọ, òun sì ti dé. Kó tó jáde, Àjíún di èédú kan sínú àpò rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ gidigidi. Inú Ọdẹ́yọmí dùn. Ó ní ìyàwó rere ni, ó mọ̀ pé òun yóò fẹ́ sun iṣu jẹ lọ́nà.

Ó wọ Igbó Onípolówó. Igi ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òwò sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. "Ọkùnrin gidi! Abẹ́ mi ni ọkùnrin gidi ti ń sinmi!" "Obìnrin ẹlẹ́wà! Ewé mi ni obìnrin ẹlẹ́wà fi ń fẹ́ atẹ́gùn!" Òùngbẹ ń gbẹ Ọdẹ́yọmí bó ti kan omi méjì tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n gbé igbá dúdú ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n gbé ahá pínǹkì sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Iwin eléyín kan ṣoṣo jókòó sí àárín wọn.

"Omi ọkùnrin nìyí, omi obìnrin nìyẹn," ni iwin náà wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ já àlọ́ yìí fún mi. Ìbejì kan wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n bọ́ṣọ tán, ìyá tó bí wọn kò mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Kí ni wọ́n?"

"Ẹyin adìẹ ni," ni Ọdẹ́yọmí dáhùn kíá, nítorí kò sí ohun tí kì í dáhùn kíá.

"Lọ mu omi rẹ," ni iwin wí.

Ọdẹ́yọmí wo ahá pínǹkì, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń dán. Àmọ́ ojú tì í, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń wò ó ju iwin eléyín kan lọ. Ó gbé igbá dúdú, ó dà á mu pátápátá. Ó korò ju ewúro lọ. Kò tí ì rìn jìnnà tí ikùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó sáré gun òkè, ó sì lóṣòó sẹ́yìn igi kan. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibi tó lóṣòó sí náà ló ti rí i pé abẹ́ òkúta kan ṣoṣo ni omi méjèèjì ti ń sun. Wọ́n kàn kó ewúro sí ojú ọ̀nà ti ọkùnrin, wọ́n sì da oyin sí ojú ọ̀nà ti obìnrin ni. Ó rí i, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ so, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí kò padà lọ sọ fún iwin. Ta ni yóò sọ irú ibi tí òun ti rí i?

Ó dé ìlú Pàwọ̀dà. Kò sí ohun tí wọn kò pín sí méjì níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkùnrin dúdú, ilẹ̀kùn obìnrin pínǹkì, wọ́n sì kun iṣu lára. Wọ́n ti mú àkùkọ, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n ní àwọ̀ tí Ẹlẹ́dàá fi wọ̀ ọ́ ti pọ̀ jù fún ọkùnrin. Ojú ti àkùkọ náà títí tí kò fi kọ mọ́. Aláǹgbá nìkan ni wọn kò rí kùn, nítorí wọn kò rí i mú.

Pàwọ̀dà gba Ọdẹ́yọmí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó mú un wọ gbọ̀ngàn kan tí fóònù kún ara ògiri rẹ̀, pínǹkì lọ́tùn-ún, dúdú lósì. "Mo mọ ohun tó o wá wá," ni ó wí. "Mú fóònù tí ohùn ìyàwó rẹ wà nínú rẹ̀, kó o máa lọ. Bó o bá ṣì í mú, màá gba apá kan nínú ohùn tìrẹ. Bó o bá tún ṣì í mú, gbogbo rẹ̀ di tèmi, ìyàwó rẹ á sì yadi títí láé."

Ọdẹ́yọmí bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó òun kì í ṣe obìnrin ni? Tààrà ló kọrí sí ọ̀tún. Ó ń kan àwọn fóònù pínǹkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kí i. Ó wá kan ọ̀kan tó ní, "Olówó orí mi, ẹ kú àbọ̀ o. Kò sí ọlọ́gbọ́n bíi tiyín. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ náà ni."

"Òun nìyí!" ni Ọdẹ́yọmí kígbe. "Ohùn Àjíún gan-an!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Àjíún wọlé Ọdẹ́yọmí, ǹjẹ́ ẹ rò pé ó ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Ohun tí ọkùnrin ń fẹ́ gbọ́ ló gbọ́. Fóònù náà di ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Pàwọ̀dà nawọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó fa ohùn ńlá inú ikùn náà yọ, ó sì jù ú sínú fóònù kan. Nígbà tí Ọdẹ́yọmí máa kígbe, ohùn tó jáde kò ju ti òròmọdìẹ lọ.

Ẹ̀rù wá bà á wàyí, ẹ̀rù tòótọ́. Ó rántí ìyàwó Ọdẹ́kúnlé lẹ́nu ọ̀nà. Ó rántí Àjíún lórí àpáta pẹ̀lú ẹnu tó ṣófo. Ó jókòó sílẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Níbẹ̀ ni aláǹgbá kan ti gba orí ògiri kọjá, orí rẹ̀ pupa yòò, ó dúró, ó sì ń mi orí sí i. Akọ aláǹgbá ni. Abo rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó rí bí erùpẹ̀ lásán, ẹyin kún inú rẹ̀. Ọdẹ́yọmí wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ sì sọ kúlú. Baba rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré pé bó bá fẹ́ mọ akọ ẹran yàtọ̀ sí abo, kó wo ipasẹ̀ rẹ̀, kó má wo awọ rẹ̀, nítorí bí a bá bó ẹran tán, pupa ni gbogbo wọn. Ọmọdé ọdẹ mọ èyí. Òun ọdẹ àgbà ló gbàgbé rẹ̀ nítorí fóònù.

Ó dìde, ó fa ọ̀bẹ yọ.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni Pàwọ̀dà bi í.

"Mo fẹ́ bó ẹran," ni Ọdẹ́yọmí dáhùn pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín.

"Má ṣí èèpo wọn! Ẹnikẹ́ni kì í ṣí èèpo wọn!"

Ọdẹ kò gbọ́. Ó bọ́ èèpo pínǹkì, ó bọ́ èèpo dúdú, ó ń kó wọn jọ sí àárín ilé. Èyí tó wà nínú ti ọkùnrin náà ló wà nínú ti obìnrin. Wọ́n kàn fi amọ̀ dí tọ́ọ̀ṣì ti obìnrin, wọ́n sì ki òkúta sínú ti ọkùnrin kó lè wúwo ni. "Ìbejì tó bọ́ṣọ nìyí!" ni ó kígbe. Pàwọ̀dà fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tí a ká mọ́ ilé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ ti Àjíún nínú òkìtì fóònù tó jọra? Ó rántí ohun tí àwọn àgbà sọ nípa iwin àti èébú. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbọn ara nù, ó sì pariwo pé, "Àjíún! Ọbẹ̀ tó o sè kẹ́yìn, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù!"

Gbogbo òkìtì náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ jọ̀wọ́, olówó orí wa, ẹ má bínú."

Láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn kan bú jáde. "Iyọ̀ ta ló pọ̀ jù? Iyọ̀ pọ̀ jù, o fi ìka nu ìdí ìkòkò lá! Ọdẹ́yọmí, apa-ọ̀gán-bí-ẹkùn, jẹ́ n délé ná!"

Inú Ọdẹ́yọmí dùn débi pé kò mọ ìgbà tó bẹ́ mọ́ òkìtì náà. Ó wa fóònù náà jáde. Èèpo dúdú ṣì wà lára rẹ̀, nítorí ó nípọn ju ohun tí ọ̀bẹ rẹ̀ lè yára ṣí lọ. Ó wò ó, ó yà á lẹ́nu pé òsì ló ti wá, ṣùgbọ́n kò sí àyè ìrònú. Pàwọ̀dà ti ń pariwo pé kí wọ́n ti ẹnubodè.

Ẹnubodè ọkùnrin ga, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó di kùmọ̀ mú ló sì dúró tì í. Ẹnubodè obìnrin kéré, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo tó ń tòògbé ló wà níbẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé obìnrin kì í gbé ohun gidi jáde. Ọdẹ́yọmí mú èèpo pínǹkì kan tó lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e wọ fóònù náà, ó fi gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, bo orí, ó sì tẹ̀ríba.

"Ta nìyẹn?" ni ẹ̀ṣọ́ bi í.

"Èmi ni o," ni ohùn òròmọdìẹ dáhùn.

"Kí lo gbé lọ́wọ́?"

"Fóònù obìnrin ni."

Ẹ̀ṣọ́ la ojú kan, ó rí pínǹkì, ó tún ojú náà dì. "Nǹkan yẹpẹrẹ. Máa lọ."

Ikú tí ì bá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ohùn tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà náà ló yọ ọ́. Ó sáré, Igbó Onípolówó ń pè é ní ọkùnrin gidi, kò dáhùn. Gbòǹgbò kan gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, fóònù fò lọ sáàárín ewé gbígbẹ. Ká ní dúdú ló ṣì wà lójú rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni à bá máa wá a títí di òní. Ṣùgbọ́n pínǹkì ń dán láàárín ewé bí èso tó pọ́n, ó sì nawọ́ mú un.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó dé ẹsẹ̀ àpáta. Àjíún wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti yadi, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò gun ibẹ̀ lọ la ẹnu sí igbó. Ọdẹ́yọmí gbé fóònù fún un. Àjíún ṣí èèpo pínǹkì, ó rí dúdú lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì gbé ohùn rẹ̀ mì bí ẹni mu ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ọdẹ́kúnlé!" ni ó ké, igbó sì mì. "Ẹlẹ́sẹ̀ ọmọ odó! Ìyàwó rẹ ti gbẹ bí panla nítorí rẹ, wálé o!" Kò pẹ́ tí igbó fi mì ní apá ìlà-oòrùn, Ọdẹ́kúnlé sì jáde, irùngbọ̀n bo ojú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Ẹsẹ̀ mi ni! Ẹsẹ̀ mi ni!" Ìyàwó rẹ̀ sáré pàdé rẹ̀.

Àjíún wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ó ku ìwọ. Ọdẹ́yọmí, mo fi ìdí ìkòkò hàn ọ́, o ní ebi ń pa mí. Mo di èédú sí ọ lápò kó o lè mọ̀ pé dúdú ni. Èédú mi dà?"

"Mo fi sun iṣu," ni Ọdẹ́yọmí dáhùn pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín.

Nígbà tí Àjíún gbọ́ ohùn náà, ó mọ ohun tí wọ́n fi ra tirẹ̀ padà. Ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó sunkún, kò sì dẹ́kun èébú.

Ohùn ńlá Ọdẹ́yọmí ṣì wà ní ìlú Pàwọ̀dà. Bí ẹ bá ra fóònù kan tó ń bú ramúramù pé, "Ẹkùn ni! Ẹkùn ni!", ẹ mọ ẹni tó ni ín. Èèpo pínǹkì ni gbogbo ọdẹ Ìdó-Ẹtu sì ń fi bo fóònù wọn títí di òní, nítorí kì í sọ nù sínú ewé. Adégún, yọ tìrẹ jáde níbi tó o ti jókòó lé e, mo ti rí àwọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí mo bá a dé nìyí, mo ti sọ ọ́ bí mo ti gbọ́ ọ. Ó ku ohun kan tí Ọdẹ́yọmí sọ fún mi nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ bu omi. Bí Àjíún bá ti pe àwọn yòókù tán ní ìrọ̀lẹ́, tó wá kan èébú tirẹ̀, ó ní òun a ti sún mọ́ ilé, òun a ti máa rí i lórí àpáta. Òun a wá dúró sẹ́yìn igi díẹ̀, òun a sì máa rọra rìn, kí èébú náà má bàa tètè tán.